Àbúrò Mi Kọ "A", Mo Sọ Ọ́ Di "Mo"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ olóòtú tí ẹ jókòó yí bẹ́ẹ̀dì mi ká, ẹ má sọ pé kí n sinmi. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ jù nínú mi, mi ò sì fẹ́ gbé e wọ ilẹ̀ lọ. Olóòtú ìwé lẹ mọ̀ mí sí, ẹni tí kì í jẹ́ kí àmì ohùn kan ṣoṣo bọ́. "Ìyá Gírámà" lẹ ń pè mí, inú mi sì máa ń dùn sí i. Bẹ́ẹ̀ èmi tí mo ń tún gbólóhùn gbogbo ayé ṣe, mi ò kọ ẹyọ kan rí tó mi ọkàn ènìyàn.

Nígbà tí ìyàwó àbúrò mi kú lórí ìkúnlẹ̀, àbúrò mi kọ ìwé kékeré kan fún ọmọbìnrin tí obìnrin náà fi sílẹ̀ lọ. Orí kọ̀ǹpútà mi ní ọ́fíìsì ló ti tẹ̀ ẹ́, nítorí kò ní tiẹ̀. Ọjọ́ tó parí rẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo kà á: "A jí láàárọ̀ yìí. A wẹ̀ fún ọ. A wá ìbọ̀sẹ̀ rẹ kejì títí, a ò rí i." Òun nìkan ló kù pẹ̀lú ọmọ náà nínú ilé yẹn o! Ìyàwó rẹ̀ ti wà nínú sàréè. Mo sunkún títí omi imú mi fi ń kán sórí tábìlì. Ṣùgbọ́n kí omijé yẹn tó gbẹ, ìlara ti dé. Mo ní, ṣé ọmọ tí mo kọ́ ní a-b-d náà ló ń kọ irú èyí?

Ni mo bá gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí ọ́fíìsì wa, mo ní kó tún gírámà rẹ̀ ṣe. Ẹ̀rọ náà bi mí pé: "Ó jọ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń sọ ìtàn yìí. Ṣé òǹkọ̀wé mọ̀ọ́mọ̀ lo 'a' ni?" Ẹ gbọ́ o, ẹ̀rọ pàápàá fura. Mo tẹ èsì sí i: "Rárá, àṣìṣe ni." Lójú ẹsẹ̀, gbogbo "a" di "mo". Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀ mọ́. Kò sì sí ẹ̀mí.

Àbúrò mi kà á tán, ó tún ṣí i padà sí ojú ewé àkọ́kọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ìyàwó mi dà?" Mo ní, "Òfin gírámà ni. Òkú ò sí nínú 'a'." Ó wolẹ̀. "Ó dáa. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi dá ti àkọ́kọ́ padà."

Èyí tó burú jù rèé. Ti àkọ́kọ́ ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà mi. Mo ní kó lọ bá mi bu omi wá, kó sì tó dé, mo ti pa á rẹ́. Mo purọ́ pé ó ti sọnù. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé omi náà fún mi, ó tún dúpẹ́, ìkà ènìyàn bíi tèmi! Láti ọjọ́ náà, kò kọ nǹkan kan mọ́.

Lánàá ni mo tó jẹ́wọ́ fún un. Ó bó ọsàn, ó yọ kóró inú rẹ̀ kúrò, ó fi sí mi lẹ́nu. "Ẹ jẹun, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, ó sì jáde. Mi ò mọ̀ bóyá ó ti dárí jì mí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ olóòtú, bí ọkàn yín bá sọ fún yín pé gbólóhùn kan tọ̀nà, ẹ má fara pamọ́ sẹ́yìn òfin tàbí ẹ̀rọ kí ẹ fi pa á. Ọmọ yẹn ti mọ ìwé kà báyìí. Ó ń béèrè ohun tí bàbá òun kọ nípa màmá òun. Ẹ bá mi bẹ òun náà.