Ọwọ́ Tí Mo Fi Lé Oyin

Ọwọ́ mi nìyí, Clifford! Wò ó dáadáa, mi ò ní í gbé e wálẹ̀ títí ìwọ náà á fi na tìrẹ. Ọwọ́ Edna Pickup náà nìyẹn lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Àwa mẹ́ta péré la wá sípàdé àgbègbè lónìí, ìwọ alága, Edna, àti èmi Thirza Lomax, torí kò sẹ́ni tó ń wá sí ìpàdé mọ́ ní Harrowclough láti ìgbà tẹ́ ẹ ti fa ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa lé àwọn ará Skelbeck lọ́wọ́. Òfin tuntun tiyín ló sì sọ pé ohun tí gbogbo ẹni tó wà níjókòó bá nawọ́ sí, ọ̀gá pátápátá ní Skelbeck ò lè yí i padà. Àbí irọ́ ni mo pa? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ní ká nawọ́ sí ò le rárá: kí ẹ má pa iná ààrò búrẹ́dì wa lọ́la. Ó parí. Nawọ́ sókè!

Kí lo wá ká ọwọ́ lé àyà sí? Ṣé òtútù ń mú ẹ ni, nínú oòrùn yìí?

Má tún sọ fún mi pé ìbò ti di ìbò o. Ìbò wo? Ọlọ́run tó ń wò mí mọ̀ pé mi ò dìbò kankan. Oyin ni mò ń lé! Oyin, Clifford! Nínú yàrá yìí kan náà, lọ́jọ́ ìpàdé ńlá yẹn, ìwọ lo dúró síbẹ̀ yẹn tìwọ ti agogo, tó o ní kí àwọn tó bá fẹ́ ká dara pọ̀ mọ́ Skelbeck nawọ́. Mo rọra gbé ọwọ́ lé itan, mò ń retí kó kan àwa tí a kò fẹ́. Ni oyin bá bà mí létí. Kí ni kí n ṣe? Kí n máa kí i káàbọ̀? Mo ju ọwọ́ sókè, mo figbe ta, ìwọ náà sì kà mí mọ́ wọn! Nígbà tó wá kan àwa tí a kò fẹ́, tí mo tún nawọ́, o wò mí báyìí, o ní, "Ìyáàfin Lomax, ẹnì kan, ọwọ́ kan." Ọwọ́ kan yẹn náà ni wọ́n fi borí wa. Ọwọ́ mi! Mo ní oyin ni, o ní ìwé òfin kì í béèrè ìdí, ọwọ́ tó bá ti lọ sókè ti lọ sókè. O tún wá ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo fara mọ́ ọn tayọ̀tayọ̀. Tayọ̀tayọ̀! Èmi tí etí mi wú tó fìlà ò wọlé mọ́!

Edna, jọ̀ọ́, bá mi ti ìgúnpá mi yìí sókè díẹ̀. O ṣé o, ọ̀rẹ́ mi.

Ta ló sì kó oyin wá síbí? Àwọn baba wa ni. Ìyá mi àgbà máa ń sọ ọ́ fún wa, pé ọ̀gá ilé ìhunṣọ ló ni ṣọ́ọ̀bù nígbà yẹn, ó ń po ẹfun mọ́ ìyẹ̀fun tà fáwọn ahunṣọ, búrẹ́dì wọn wá ń le bí ògiri. Ìyẹn ni wọ́n ṣe dá owó jọ, wọ́n ra àpò ìyẹ̀fun gidi, wọ́n ń tà á fún ara wọn nínú yàrá kótópó kan, àwọn ènìyàn ń ju ẹrẹ̀ lu fèrèsé wọn. Nígbà tẹ́sẹ̀ wọn wá múlẹ̀, wọ́n kọ́ ilé yìí, wọ́n ní kí agbẹ́kùúta gbẹ́ ilé oyin sókè ẹnu ọ̀nà, nítorí pé oyin kì í dá ṣiṣẹ́. Ọkùnrin náà gbẹ́ ẹ débi pé ó gbẹ́ inú rẹ̀ pẹ̀lú! Nígbà tí oòrùn mú, oyin gidi kó wọ inú rẹ̀. Àwọn kan ní ká lé wọn, bàbá mi àgbà dìde, ó ní ojú wo la máa fi lé ẹni tí àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri wa? Wọ́n dìbò sí i. Láti ọjọ́ náà ni oyin ti di ọmọ ẹgbẹ́, àwọn nìkan ni kì í sì í pa ìpàdé jẹ.

Ẹgbẹ́ yìí kan náà ló ń gbé èédú wá sẹ́nu ọ̀nà wa. Wàrà, ẹgbẹ́. Bàtà, ẹgbẹ́. Nígbà tí ìyá mi kú, ẹgbẹ́ ló gbé e lọ sí itẹ́ òkú, ẹgbẹ́ náà ló gé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a fi mu tíì lẹ́yìn ìsìnkú. Ìyá tìrẹ, Ada, ṣebí ààrò tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa yìí ló yan kéèkì ìgbéyàwó rẹ̀? Mo jẹ níbẹ̀! Ìwọ wá fẹ́ pa iná rẹ̀, kí a máa jẹ búrẹ́dì Skelbeck, tí wọ́n wé sínú bébà, tí wọ́n ti gé sílẹ̀ bí ẹni pé kò sọ́bẹ nílé wa. Mo fìka tẹ ọ̀kan. Ó tẹ̀. Kò gbéra mọ́, Clifford, ó kàn ń wò mí.

Wilfred ọkọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ìdí ààrò yẹn ló ti dàgbà, ibẹ̀ ló ti hu irun, ibẹ̀ náà ni irun ti tán lórí rẹ̀. Ológbò ló ń rán sí mi báyìí. "Sọ fún un kó gbé iyọ̀ wá." Ológbò! Bí mo bá sọkún, ológbò náà á dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Aráàlú ńkọ́? Mo na ọwọ́ sí bọ́ọ̀sì, awakọ̀ náà kọjá lọ, ó yọ orí síta, ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ wọlé ni, àbí ẹ tún ń dìbò?" Alápatà ní kí n kó ọwọ́ sẹ́yìn kí n tó wọ ṣọ́ọ̀bù. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àlùfáà ní ta ló fẹ́ ka Bíbélì, mo nawọ́, gbogbo ìjókòó iwájú ló yíjú padà, wọ́n ní, "Ẹ dì í mú!" Èmi! Èmi tí mo kọ́ ẹ ní Orin Dáfídì ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, Clifford, nígbà tí ikun imú rẹ ń dà sórí ìwé orin!

Torí náà, mi ò bẹ̀ ẹ́ mọ́. Dá ọwọ́ mi padà fún mi, tàbí kó o na tìrẹ.

Má wo òkè, oyin lásán ni. Ọmọ ẹgbẹ́ ni, ó wá jókòó sípàdé. Ṣáà ká ọwọ́ lé àyà bó o ṣe ká a yẹn, kò ní í ṣe ẹ́ ní nǹkan kan. Ó ń yí ẹ ká ni. Ó ti bà ẹ́ létí. Má mira o. Ronú nípa òfin, Clifford. Ó ti ń wọnú ẹ̀ lọ...

Háà! Edna! Ṣé o rí i? Ọwọ́ lókè! Àní ọwọ́ méjèèjì! Rárá o, má sọ pé oyin lò ń lé, ìwé òfin kì í béèrè ìdí! Mú agogo yẹn wá. Gba-n-gan! Kọ ọ́ sílẹ̀, Edna, kọ ọ́ gàdàgbà: alága fara mọ́ ọn, tayọ̀tayọ̀! Hàhàhà! Ẹ gbà mí o, ẹ̀gbẹ́ ń dùn mí! Wilfred! Wilfred, nísàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn! Má pa iná o, kó igi sí i! Kí ni ọkọ mi wí, Edna? Ó ní ta ni? Ó pe orúkọ mi? Ó pè mí ní Thirza?

Clifford, fi omi tútù sí etí yẹn. Edna, jọ̀ọ́, bá mi gbé ọwọ́ mi wálẹ̀, ó ti gan.