Ìwé Tí Wọ́n Kọ́ Sára Ògiri

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Tyrrelstown, nílùú òyìnbó níbí, ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà. Ibi tí wọ́n ti pàtẹ iṣẹ́ ọmọ náà ni wọ́n ti ń bọ̀.

"Ìwé tí mo kọ fún ògbufọ̀ nígbà tí mò ń tọrọ ààbò lọ́wọ́ ìjọba ibí, òun lo gbé kọ́ sára ògiri?"

"Mọ́mì, kò sẹ́ni tó lè kà á. Mo da gbogbo ojú ìwé náà kọ léra wọn títí tó fi dúdú bí èédú. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ọ̀rọ̀ ò lè gbé ohun tójú yín rí."

"Ìwọ kà á kó o tó bò ó?"

"Ẹ mọ̀ pé mi ò lè ka Yorùbá. Mo kàn tọ ìlà yín ni. Àwọn olùkọ́ wa yìn ín gan-an."

Ìyá náà yíjú sí i.

"Èmi kà á," ó ní. "Mo dúró níwájú ẹ̀, mo kà á tán, torí èmi ni mo kọ ọ́, mo mọ gbogbo ìlà ẹ̀. Lọ́la, lọ já a wálẹ̀."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n ẹ."

"Ẹ̀gbọ́n wo? Ṣebí èmi nìkan lẹ bí?"

Mo kọjú sí fèrèsé, kí wọ́n má baà mọ̀ pé mo gbọ́ Yorùbá.