Táìsì Mọ́kàndínlọ́gọ́fà

Orí ìlà tí a ti ń dúró de kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Alákijà ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́nu ọkùnrin kan tó ń lẹ táìsì àti màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà.

"Màmá, nọ́ńbà olóríkunkun ni mò ń sọ. Bíi táìsì méje. Kò sí bí mo ṣe lè tò ó sí ìlà tó dọ́gba, àfi ìlà kan gbọọrọ."

"Ó yé mi. Kí lo wá rí?"

"Méje lọ́nà méje, ẹ yọ méjì kúrò. Ó ku mẹ́tàdínláàádọ́ta, olóríkunkun lòun náà. Bí mo bá ṣe mẹ́ta bẹ́ẹ̀, òun náà bí olóríkunkun, márùn-ún náà bí."

"Mọ́kànlá ńkọ́?"

Ó fi bírò ṣírò sára páálí táìsì tó gbé dání. "Mọ́kàndínlọ́gọ́fà."

"Ìlà méje, mẹ́tàdínlógún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó tò, kò ṣẹ́kù ẹyọ kan. Òfin ẹ ti bàjẹ́ nìyẹn."

"Mi ò pè é lófin, màmá. Mo kàn fẹ́ mọ àwọn tó ń bí àti àwọn tí kì í bí ni. Níléèwé, wọ́n ní orí mi ò gba ìṣirò, mo sì gbà fún wọn. Mi ò gbà mọ́. Mo ti ṣírò mẹ́tàlá: ó bí."

Kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Raji Rasaki dé, lẹ́yìn tí a ti dúró títí. Awakọ̀ ní, "Màmá, ó kàn yín o."

Màmá bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì yíjú sí èmi tí mo tò tẹ̀lé wọn.

"Wọlé, ọmọ mi, máa lọ. A ò tíì mọ̀ bóyá mẹ́tàdínlógún náà ń bí."