Àgbàdo Rọ́bà Lájà

Ẹ̀yìn mi ni ìyá kan àti ìyàwó ọmọ rẹ̀ jókòó sí nínú takisí tá a wọ̀ láti Ìkàrẹ́ lọ sí Ọ̀kà, ìyá náà sì ń fi ìbínú bá a wí.

"Ta ló ní kó o tú àgbàdo mi kúrò lájà ilé ìdáná?"

"Ẹ má bínú, Mọ́mì. Mo rí i lórí fóònù bí wọ́n ṣe ń ṣe ilé ìdáná lọ́ṣọ̀ọ́ lásìkò ìkórè. Tiwa kéré, kò sáyè nílẹ̀, ni mo ṣe so àgbàdo rọ́bà sókè."

"Èyí tí mo fi sínú èéfín kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́ ńkọ́?"

"Òun ni mo fi se ègbo tá a jẹ lánàá, mà."

"Yéè! Irúgbìn bàbá ọkọ ẹ ni!"

"Ẹ ò sọ fún mi, mà."

"Ṣé wọ́n tún ń sọ ìyẹn ni? Ta ló ń so oúnjẹ jíjẹ mọ́ àjà? Látìgbà tó ti kú ni mo ti ń gbìn ín lọ́dọọdún!"

Ìyàwó bú sẹ́kún. Ìyá ò wò ó.

"Sunkún dáadáa. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, já ti rọ́bà yẹn sílẹ̀, kó o lọ gbìn ín."