Ohùn Kúbúrá Tí Àkíbù Gbà Láti Ẹ̀yìn Ògiri

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá rin ìrìn ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ Àkíbù kò tilẹ̀ pé ogún ọdún. Ọdún méjìlá péré ló rìn kí ẹsẹ̀ onírọ́ tó wú, tí dókítà sì sọ fún un pé bí ó bá ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá àwọn ará ilé rẹ̀ sọ, kí ó tètè sọ ọ́. Ọdún 1969 ni. Ní ọ̀sán Àlàmísì kan, ó ránṣẹ́ bẹ Mọgàjí Yẹ̀kínì, olórí Ilé Aláró ní Bẹyẹrunkà, pé kí ó wá bá òun lórí àkéte. Ó ní kí ó mú Kúlúsúmù ìyàálé rẹ̀ dání, àti Èjìdé, ọmọ Màmúdù ẹ̀gbọ́n òun tó ti kú. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni wọ́n máa so yìgì Èjìdé, Kúlúsúmù ni yóò sì jókòó sí ipò ìyá ìyàwó, nítorí pé wọ́n ti lé ìyá tó bí i lọmọ kúrò nílé láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin.

Àkíbù ní, "Mọgàjí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán kí ẹ tó bú mi. Ìyá ọmọ yìí ò ṣe nǹkan tá a ló ṣe. Èmi ni mo ṣe é."

Kò sunkún. Ó ti rò pé òun yóò sunkún, ó tilẹ̀ ti fi ìnura sẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ gbẹ bí ìkòkò tí wọn kì í gbé kaná mọ́. Bí ẹni ń ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn ló ṣe ń sọ ọ́.

Ní ọdún 1957, Àkíbù ní ṣọ́ọ̀bù àwo orin ní Bẹẹrẹ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ orin tí ìlú ń jẹ̀gbádùn nígbà náà, kí ó ṣáà wá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn alhájì àdúgbò Oníyanrìn ń ra sákárà, wọn a sì jókòó tì í bí ẹni ń gbọ́ wáàsí. Àpàlà ni ti àwọn awakọ̀ lọ́rì. Àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì a máa béèrè háílàìfù, wọn a jó o níbẹ̀ títí bàtà wọn yóò fi kún fún eruku, wọn a sì lọ láìrà á. Comfort, ọmọ ìjọ Aládùúrà tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, kì í ra ohun tó ju orin ìyìn lọ, ṣùgbọ́n bí Àkíbù bá gbé jùjú sí i, orí Comfort a bẹ̀rẹ̀ sí í mì, a ní ọrùn ló ń dun òun. Wákà obìnrin, tó dára tó bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nílé, nìkan ni kò rí tà. Ilé iṣẹ́ aláwo kan ní Èkó tó ń kó ọjà fún un wá yá a ní ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tó tóbi tó àpótí aṣọ. Wọ́n ní kí ó fi wá olóhùn fún àwọn, bí ó bá sì rí i, òun ni yóò ṣe aṣojú àwọn ní gbogbo Ìbàdàn. Àkíbù kò fi ẹ̀rọ náà han ẹnikẹ́ni nílé. Ó fẹ́ kí ó jẹ́ pé àwo tó bá jáde ni wọn yóò kọ́kọ́ gbọ́, kí wọ́n wá máa béèrè pé báwo ló ṣe ṣe é.

Àárín ìgbà yẹn ni Màmúdù kú. Kúbúrá ìyàwó rẹ̀ jókòó opó, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí obìnrin kì í fi jáde bí kò bá sí ìdí pàtàkì. Ògiri kan ló wà láàrin yàrá rẹ̀ àti ti Àkíbù. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, ibà mú Èjìdé, Kúbúrá sì gbé e lọ sí dìsípẹ́nsárì láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Nígbà tó dé, gbogbo ilé ti lọ sọ́jà. Ó gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin rẹ̀ ẹ́ sùn, wákà tó ń hun lẹ́nu bó ṣe ń kọ ọ́:

"Ọjọ́ kẹtàdínlógún rèé, ilẹ̀kùn ò dún.
Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lójúde, ẹsẹ̀ ẹlòmíì ni.
Èjìdé bi mí léèrè, mo ní o lọ sọ́jà."

Àkíbù ní òun wà nínú yàrá òun láìjẹ́ kí Kúbúrá mọ̀, pé nígbà tí òun gbọ́ orin náà, òun kọ́kọ́ sunkún ẹ̀gbọ́n òun. Lẹ́yìn náà ni òun nu ojú, tí òun gbé ẹ̀rọ sórí àpótí, tí òun sì ki gbohùngbohùn rẹ̀ bọ ihò fèrèsé kékeré tó wà lókè ògiri. Ó ní kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ pé èṣù ni, nítorí pé òun ló tẹ bọ́tìnnì. Nígbà tó gbé téèpù dé Èkó, Adéníyì, ọ̀gá tó ń gba orin wọlé níbẹ̀, gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ṣé onítọ̀hún mọ̀ sí i?" Àkíbù ní, "Ó mọ̀, kò kàn fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun sí i ni." Adéníyì wò ó pẹ́. Ó ní, "Ó dáa, ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀ o." Àwọn méjèèjì mọ̀ pé kò dáa.

Àwo náà jáde kí Kúbúrá tó parí opó, ìlú sì gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Àwọn alhájì rà á, àwọn tó ń jó háílàìfù rà á, Comfort náà rà á, ó sì sunkún níwájú ṣọ́ọ̀bù láìfi ọrùn ṣe àwáwí. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó dé Ilé Aláró. Ẹnikẹ́ni kò nílò kí a sọ orúkọ akọrin fún òun, nígbà tó jẹ́ pé orúkọ Èjìdé wà nínú rẹ̀, tí iye ọjọ́ tí Màmúdù kú náà sì wà níbẹ̀. Orin tí Kúbúrá fi ka ọjọ́ ni wọ́n fi mú un. Ọjọ́ kẹtàdínlógún gan-an ni gbogbo ilé mọ̀ pé ó jáde, wọ́n sì ní ilé kan wà ní Dùgbẹ̀ tí àwọn ará Èkó ti máa ń wá gba ohùn olórin. Wọ́n ní kò gbé ọmọ lọ sí dìsípẹ́nsárì kankan, pé ṣe ló fi òkú ọkọ rẹ̀ ṣọjà.

Wọ́n pe ìpàdé. Mọgàjí bi í pé, "Ṣé ohùn ẹ nìyí àbí ohùn ẹ kọ́?"

Kúbúrá ní, "Ohùn mi ni, Bàbá. Àmọ́ èmi kọ́ ni mo gbé e fún wọn."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mọgàjí wá yíjú sí Àkíbù, ó ní, "Ìwọ lo mọ̀dí àwo láàrin wa. Ṣé wọ́n lè gba ohùn èèyàn sílẹ̀ kí olóhùn má sí níbẹ̀, kó má sì mọ̀?"

Aya kì í pe àwọn ará ilé ọkọ lórúkọ, Akọ̀wé ni Kúbúrá sì ń pe Àkíbù láti ọjọ́ tó ti wọlé. Ó kúnlẹ̀ kọjú sí i. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ bá mi sọ fún wọn." Kò fura sí i rárá. Ó gbà pé ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò mọ ọ̀nà tó gbà ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀rọ náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Àkíbù lásìkò yẹn, ó fi ẹní bò ó. Ó wo ojú Kúbúrá, ó sì ní, "Kò ṣeé ṣe."

Wọ́n gba Èjìdé lọ́wọ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n sọ fún ọmọ náà pé ìyá rẹ̀ fi bàbá rẹ̀ kọrin tà, òun náà sì dàgbà sórí ọ̀rọ̀ yẹn. Lẹ́ẹ̀mejì ni Kúbúrá wá sí ojúde pé kí wọ́n jẹ́ kí òun rí i, nígbà kejì, tí Èjìdé jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n sọ pé òun kò sí nílé. Àkíbù gbọ́ ọ láti yàrá rẹ̀, ó sì ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ. Ó ní òun kò mọ ìgbà tí nǹkan kan kú nínú òun, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni òun kọ́kọ́ mọ̀ pé ó ti kú.

Nígbà tó sọ ọ́ tán, Mọgàjí kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Kí ọ̀rọ̀ yìí parí síbí. A ti pe àwọn èèyàn. Tí yìgì bá kọjá, a ó wá nǹkan ṣe sí i."

Àkíbù ní, "Mọgàjí, ẹ foríjì mí. Kí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn náà fi tèmi kọ́gbọ́n, kí wọ́n má..."

"Ìyẹn kọ́ la ń sọ," ni Èjìdé wí. Ojú rẹ̀ gbẹ. "Ibo ni ìyá mi ń gbé báyìí?"

Mọgàjí ní wọ́n ní Kúdẹtì ni. Ilé wo ní Kúdẹtì, kò mọ̀. Láti ọdún méjìlá, kò sí ẹni tó débẹ̀ rí.

Àkíbù ní, "Mo mọ ibẹ̀. Mo máa ń lọ dúró lódìkejì títì lọ́dọọdún lẹ́yìn Iléyá. Mi ò wọlé rí."

"Ẹ júwe ẹ̀ fún mi."

Ó júwe rẹ̀. Ó ní kí ó gba Bẹẹrẹ, kí ó gun Màpó, kí ó sọ̀ kalẹ̀ sí Ọjà'ba, kí ó kọjú sí Kúdẹtì, kí ó tó dé odò ni yóò rí ilé alájà kan tí wọ́n kun fèrèsé rẹ̀ ní búlúù, yàrá kejì lápá ọ̀tún. Èjìdé ní kí ó tún un sọ, ó sì tún un sọ. Lẹ́yìn náà ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti dìde, ó ń wé gèlè.

Mọgàjí ní, "Èjìdé, padà síbí."

Kúlúsúmù na ọwọ́ sí bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Dúró dè mí. Èmi ni mo já ẹ gbà lẹ́yìn ìyá ẹ lọ́jọ́ tí wọ́n lé wọn."