Owó Inú Ẹ̀kọ

Inú mọ́tò Owódé tó ń lọ Abẹ́òkúta ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, láàárín ìyá arúgbó kan tó gbé agbọ̀n ẹ̀kọ lé itan àti obìnrin tó jókòó tì í.

"Ìyá, ta lẹ ń gbé ẹ̀kọ lọ fún?"

"Ọmọ mi ni. Wọ́n tì í mọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n nítorí ìjà. Mo fi owó díẹ̀ sínú ọ̀kan kó lè rí ọṣẹ rà."

"Háà! Wọ́dà ò ní í rí i?"

"Wọ́dà kọ́ ni ìṣòro mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, inú èyí tó tóbi jù ni mo fi í sí. Ọmọ mi bá fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún bàbá tó dàgbà jù nínú àwọn ẹlẹ́wọ̀n!"

"Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ ọ bẹ́ẹ̀."

"Èmi náà ni. Inú ẹ̀kọ ni mo fi owó sí, ẹ̀kọ́ ló gbé e lọ."

Gbogbo mọ́tò bú sẹ́rìn-ín.

"Tòní ńkọ́?"

"Inú èyí tó kéré jù ló wà. Bó bá jẹ́ ọmọ tí mo bí, ìyẹn ni yóò mú."

"Tí ibẹ̀ bá ti gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ńkọ́?"

Ìyá náà fa agbọ̀n mọ́ra.

"Ohun tí mo ń lọ wò nìyẹn."