Abẹ́rẹ́ Tó Ṣí Ọ̀nà Ọ̀fun Tèmilolúwa

Ará, ẹ ké Hàlelúyà kí òrùlé yìí mì! Ẹ tún un ké o, torí Ọlọ́run kò jẹ́ kí n sin ọmọ ọmọ mi! Ẹ ṣé, Bàbá!

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́. Èmi ni mo ń tọ́jú Tèmilolúwa, ọmọ ọdún mẹ́fà, ní Stone Mountain, ní Amẹ́ríkà níbí, tí Fúnmi ìyá rẹ̀ bá lọ shift. Nọ́ọ̀sì ni Fúnmi. Ọmọ yìí kò gbọdọ̀ fẹnu kan ẹ̀pà láéláé. Gbogbo wa la mọ̀. Kúlíkúlí kì í wọ ilé wa.

Lọ́sàn-án Sátidé, ọ̀rẹ́ mi Màmá Kúnlé gbé yàjì wá fún mi, ata tí wọ́n ń bù sórí sùyà. Mo bù ú sórí adìẹ. Ojú ata lásán ni mo fi wò ó. Mo gbàgbé pé wọ́n ń lọ ẹ̀pà mọ́ ọn. Ẹ̀bi mi ni, mi ò ní purọ́ níwájú pẹpẹ.

Kò pẹ́ tí Tèmilolúwa jẹ ẹ́ ni ètè rẹ̀ wú. "Grandma, ọ̀fun mi ń tight." Èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé.

Màmá Kúnlé fò dìde. "Epo pupa dà? Ẹ da epo sí i lẹ́nu kíá!" Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí a ṣe ń ṣe é nílé nìyẹn. Mo ti bu epo sínú ṣíbí nígbà tí Fúnmi tí mo ń pè níbi iṣẹ́ gbé fóònù, tó sì gbọ́ ohun tí à ń ṣe.

"Mọ́mì, ẹ gbé epo yẹn sílẹ̀! Kò lè gbé e mì! Abẹ́rẹ́ tó dà bí bírò, ó wà nínú báàgì ilé-ìwé rẹ̀. Ẹ gún un nítan!"

"Èmi tí mi ò kàwé?"

"Abẹ́rẹ́ ò béèrè sàtífíkéètì lọ́wọ́ yín, Mọ́mì! Màmá Kúnlé, ẹ pe 911!"

Mo pe Jésù lẹ́ẹ̀kan. Mo yọ ìdérí rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ itan ọmọ náà, lórí ṣòkòtò. Ó dún kó! Mo dì í mú títí Fúnmi fi ka ení, èjì, ẹ̀ta.

Ará, ọmọ náà mí! Ògo! Àmọ́ ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ọkàn rẹ̀ ń lù kìkìkì. Mo ké: "Yéè, mo ti pa á!"

Àwọn òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì dé. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́ àyà rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín: "Grandma, good job. Oògùn náà ló ń ṣiṣẹ́."

Ní ọsibítù, dókítà là á yé wa, Fúnmi ń túmọ̀ rẹ̀. Ó ní ohun tí ara wa ń tú jáde nígbà tí ẹ̀rù bá bà wá náà ló wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn. Ó ní oògùn náà ní àwọn ẹnu ọ̀nà tó ń kàn káàkiri ara. Tó bá kan ti ẹ̀dọ̀fóró, ibi tó fún á ṣí. Tó bá kan ti iṣan ẹ̀jẹ̀, iṣan á sún kì, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ kò ní já wálẹ̀, wíwú á lọ sílẹ̀. Tó bá kan ti ọkàn, ọkàn á sáré.

Mo ní, "Dókítà, bí ìgbà tí ajá lé mi l'Ábẹ́òkúta gan-an!"

"Òun náà ni, Mama," ló wí. Ẹ̀rín rẹ̀ wá tán. "Ká ní ẹ dúró dè wá kẹ́ ẹ tó gún un, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀."

Ha! Ẹ ṣé, Olúwa! Wọ́n dá a dúró fún wákàtí mélòó kan, bóyá àìsàn náà á tún padà dé. Kò padà! Tèmilolúwa ní ebi ń pa òun!

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, àti lọ́wọ́ Màmá Kúnlé tó pe 911. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ má bọ́hùn. Ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì ṣe ohun tí wọ́n kọ́ yín. Ọlọ́run kì í bínú sí ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́.

Tèmilolúwa nìyẹn tó ń sáré láàárín àga. Ushers, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú un jókòó lónìí. Ẹ jẹ́ kó sáré.